Bí Àwẹ̀ró Ṣe Sin Oòrùn Sọ́nà

Ẹ̀yin ọmọ Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ gbé aláìsàn yín gun òkè yìí wá, ẹ jókòó, kí ẹ tẹ́tí. Oòrùn ti ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́la, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ ohunkóhun. Ìrọ̀lẹ́ yìí nìkan ni mo lè sọ ìtàn Yèyé fún yín.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Ìdó-Àràbà dó, tí ẹkùn ṣì ń mu omi nínú odò kan náà tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi, opó kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Amọ̀kòkò ni, ó sì mọ ewé. Láràárọ̀ ni ó máa ń jókòó sórí àpáta pẹrẹsẹ tí ẹ jókòó sí yìí, tí yóò máa wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, nítorí oòrùn kì í yọ níbì kan náà jálẹ̀ ọdún. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí apá òsì ẹni tó bá kọjú sí i, títí àgbàdo yóò fi yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, tí ọ̀sán yóò gùn ju ti gbogbo ọdún lọ. Nígbà náà ni yóò dé Òkè Ejìká tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, yóò dúró bí ẹni tí ọ̀nà tán mọ́ lẹ́sẹ̀, yóò sì yí padà.

Àwọn obìnrin a máa fi opó náà ṣe yẹ̀yẹ́. “Àwẹ̀ró, àbí oòrùn ni ọkọ tuntun tí o fẹ́ ni?”

“Ọkọ kọ́, àlejò ni,” ni yóò wí. “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àlejò bá ń padà lọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sìn ín sọ́nà.”

Wọn a rẹ́rìn-ín. Òun kì í rín.

Ní òwúrọ̀ ìyípadà náà, yóò gbé ìkòkò tuntun síta láìdé e, yóò já rinrin àti òdúndún sínú omi rẹ̀. Bí ìtànṣán àkọ́kọ́ bá ti kan omi náà, ẹni tó bá bù ú wẹ̀, ibà a fi í sílẹ̀, egbò a jinná. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi lélẹ̀: kí ìmọ́lẹ̀ tó kan omi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí àpáta. “Oòrùn ń wá ẹni tí yóò sìn ín lọ,” ni ó wí. “Orúkọ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò pè. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà, ó di tirẹ̀.”

Adérọ̀gbà ni ọba nígbà náà, iná ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í bi igbó léèrè kí ó tó jó o, ọba tó bú mọ́ ìjì, tí ìjì gba ibòmíràn lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ṣoṣo ni ó bí, Adékúnbi. Ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ títí gbogbo oògùn ààfin fi tán. Ọba kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ kankan gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n bí abiyamọ, tó gun òkè yìí wá, tó sì gbé e lé itan.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùùkuu bo Òkè Ejìká. Ilẹ̀ mọ́ tán, oòrùn kò jáde. Ẹyẹ kan kò ké. Àwọn ènìyàn yí ìkòkò ká, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ọmọ náà mí, ó dákẹ́. Ó tún mí, ó sì dákẹ́ pẹ́, ojú rẹ̀ sì yí sókè.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe bí ẹ̀mí ẹni wa bá ń lọ. A máa ń pè é padà ni. A ó pariwo orúkọ rẹ̀ sí i létí kí ó lè rántí ilé. Kò sí òbí tí kì í ṣe é. Ọba gbàgbé èèwọ̀, ó gbàgbé adé, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké: “Adékúnbi o! Adékúnbi, padà wá! Má lọ o, ọmọ mi!”

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ọmọ náà la ojú. Inú ọba dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò pẹ́ tó kí ènìyàn gbé itọ́ mì, nítorí ohùn kan jáde láti inú ìkùùkuu. Ohùn ọba gan-an ni, ó rọra, bí ìgbà tí bàbá bá ń pe ọmọ wá jẹun: “Adékúnbi.”

Àwọn tó wo ilẹ̀ rí i pé òjìji gbogbo wọn ti hàn lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí oòrùn. Gbogbo òjìji náà na orí sí Òkè Ejìká. Kò sí ẹni tó lè sá.

“Adékúnbi.” Ó ti sún mọ́ wọn.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọba fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu náà ń yà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú agbára tí kì í ṣe ti ọmọdé. Ọba tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí yíjú sí opó. “Ìyá, ẹ gbà mí.”

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù kò ba Àwẹ̀ró. Ó wo ọmọ náà, ó ní, “Èyí tí kò tíì mọ ọ̀nà odò, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀nà yẹn?”

Bí ohùn náà ti tún pè, kí ẹnu ọmọ tó là, Àwẹ̀ró ni ó jẹ́ ẹ: “Èmi nìyí o!”

Ìkùùkuu fà ya bí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ kan omi, gbogbo wọn sì dijú. Nígbà tí wọ́n lajú, opó ti lọ. Òjìji rẹ̀ nìkan ni ó kù lórí àpáta, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ń sin àlejò. Ẹ fọwọ́ kàn án bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Òjò kò tíì fọ̀ ọ́ nù títí dòní.

Wọ́n fi omi náà wẹ ọmọ, ó ní ebi ń pa òun. Ọba dojú bolẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, òun ni ó sì kọ́kọ́ kì í báyìí pé: Yèyé Asinrùn-sọ́nà, opó tó jẹ́ orúkọ ọlọ́mọ, arìnnà-má-wẹ̀yìn, ìkòkò tuntun tí í tu àgbà tu ọmọdé lára.

Ìdí nìyí tí a fi ń gbé ẹ̀kọ tútù síwájú rẹ̀, nítorí ó lọ láì tíì jẹ nǹkan kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi bu omi sẹ́nu lọ́la, àtọmọdé àtàgbà, tí ẹ kò ní gbé e mì, tí ẹ kò ní tu ú, títí oòrùn yóò fi kan ìkòkò. Ẹ ó gbọ́ ohùn náà. Kò ní jọ ohùn ẹ̀rù. Yóò jọ ohùn ìyá rẹ, tàbí ti ọmọ tí o ti sin.

Ìwọ tí o pọn ọmọ wá, bí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn rẹ, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, má pè é. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ sí. Pa omi mọ́ ẹnu rẹ, kí o máa wo òkè, má pè é. Yèyé ti jẹ́ ẹ.