Eré Ajíbóyè Nínú Ẹ̀gún

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Gbogbo wa la mọ òwe yìí í pa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi rà á?

Ní ìlú Òkè-Ìtàkùn, eré ni wọ́n fi ń ṣọdún ìjẹṣu. Láti etí odò nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin á gba ọ̀nà igbó tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn òkúta ràgàjì, títí dé ojúde ọba lórí òkè. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Ajíbóyè ṣe ipò kìn-ín-ní. Ọdún mẹ́ta náà ni Ọláníhùn ṣe ìkejì. Ó ta Ọláníhùn lójú bí ata. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ní kí àbúrò rẹ̀, Àkànjí, bá òun sá eré ọdún kẹrin. Ní ti Àkànjí, aya rẹ̀ tó wà nínú oyún ló gbà á lọ́kàn. Nítorí ẹ̀gbọ́n nìkan ló ṣe gbà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọdún pé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń roko lẹ́bàá ọ̀nà igbó, ni Ajíbóyè bá já jáde. Kò gba ojú ọ̀nà. Àárín ẹ̀gún ló ti yọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Aṣọ rẹ̀ ti fà ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nítan rẹ̀. Kò rí èémí sọ̀rọ̀. Ó kàn nawọ́ sẹ́yìn, ó nawọ́ sọ́nà ilé, ó sì kọjá lọ fìà.

Àkànjí ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ọkùnrin yìí ò balẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká lé e bá, ká bi í."

Ọláníhùn rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Kí lo fẹ́ bi í? Ọ̀nà àbùjá ló rí láàárín òkúta, òun ló ń dán wò. Lọ wo ibi tó gbà."

Àkànjí wo ẹ̀gún náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wọ inú ẹ̀gún náà lọ.

Ẹfọ̀n kan tí ọdẹ ta lọ́fà tí kò kú ló ń lé Ajíbóyè bọ̀. Àárín òkúta méjì, níbi tí èèyàn ò ti lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ni ẹfọ̀n náà àti Àkànjí ti pàdé. Igbe kan ṣoṣo ni Ọláníhùn gbọ́. Nígbà tí Ajíbóyè fi máa kó àwọn ọdẹ dé láti ìlú, òkú ni wọ́n gbé.

Bàbá wọn ò sunkún. Ó bi Ọláníhùn bóyá ó rí ẹ̀jẹ̀ lára Ajíbóyè; ó ní òun rí i. Ó bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n béèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá náà mirí. "Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Ìlara ò jẹ́ kó o rò ó dé ìdajì kejì."

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń ṣe ohun tó le koko, tí aráyé sì ti ń dá a lẹ́jọ́, òwe yìí ni wọ́n ń pa, kí á lè kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tí aya Àkànjí bí, ọwọ́ Ọláníhùn ló dàgbà sí. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bi í léèrè ohun tó pa bàbá òun, Ọláníhùn ní ẹfọ̀n ni; kò dárúkọ ìlara.