Àwẹ̀ró, Ẹni Tó Rẹ Ìlú Láró

Ní ọdún tí Balógun Ògúnṣakin dí odò Ẹ̀rìn mọ́ Ìsàlẹ̀-Elú lọ́wọ́, ìrì orí ewé ni àwọn ènìyàn ń lá ní òwúrọ̀. Kànga gbẹ, ewúrẹ́ ń kú nídìí ògiri, àwọn ọmọ ọwọ́ ń sunkún láìsí omijé. Ohun olómi kan ṣoṣo tó kù ni aró inú ìkòkò, nítorí ìlú aláró ni ìlú wa, aró kò sì ṣeé mu. Ògúnṣakin, a-tú-ìlú-bí-ẹni-tú-ẹrù, kò yára. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi lójú odò, ó ń jẹ iṣu, ó ń dúró dè wá.

Nínú ògiri ìlú wa, onírúurú ènìyàn ló wà. Òkun ti da àwọn àjèjì kan sí èbúté wa láti ìgbà pípẹ́, ara wọn funfun bí inú àgbọn. Wọ́n ti fẹ́ wa, a ti fẹ́ wọn. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba àjèjì sílé yóò ti ọwọ́ àjèjì náà bọ ìkòkò aró ilé títí dé ìgúnpá. Kí aró náà tó ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í pé níbo ló ti wá. Nígbà tó bá fi máa ṣí, ìbéèrè náà ti pẹ́ jù: ọkùnrin náà ti níyàwó, ó sì ti jà nídìí ayò. Pupa àti dúdú dà bíi gíga àti kúkúrú lójú wa, ohun tí a fi ń júwe ènìyàn lójú ọjà ni.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ògúnṣakin kò fi kọ́kọ́ yé ẹnikẹ́ni. Ó ránṣẹ́ pé: “Ẹ kó àwọn tí ara wọn kò dúdú fún mi, kí n tà wọ́n fún àwọn oníyọ̀ tó ń ra ẹrú. Wọn kì í ṣe irú yín. Màá ṣí odò.”

Ọ̀tún ìlú béèrè pé, “Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n jí gbé ni?”

Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í gbani nímọ̀ràn gidi. Àwọn ìjòyè fi ènìyàn méjì ṣọwọ́. Òyéwọlé, àfín tó ń tún àwọ̀n ṣe, ọmọ bíbí ìlú yìí, ni ọ̀kan. Jòmù, arúgbó tí òkun gbé wá nígbà èwe rẹ̀, ni èkejì. Jòmù ni ọkọ Àwẹ̀ró Elélùú. Ní ẹnubodè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ìyá Mórẹ́nikẹ́, má sunkún. Omi wọ́n.”

Odò ṣàn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìlú kúnlẹ̀, wọ́n ń mu bí ẹran. Ìgbà tí wọ́n mu ún yó ni omi náà gbé òkú àwọn méjèèjì dé. Àwọn oníyọ̀ kò ra arúgbó, wọn kò ra àfín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, odò tún dí, ìránṣẹ́ sì dé: “Èyí kéré. Ẹ kó àwọn tó pupa díẹ̀ kún un.”

Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀wùmí to àwọn ènìyàn sójú ọjà, ẹni tó dúdú jù ní ìhín, ẹni tó pupa jù ní ọ̀hún. Ó mú ọ̀pá, ó ń wá ibi tí yóò ti gé ìlà náà. Ibi yòówù tó bá gbé ọ̀pá lé, apá ẹni tó wà ní ọ̀tún àti ti ẹni tó wà ní òsì jọra. Níkẹyìn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin tirẹ̀, kí ti Baálẹ̀ lè bọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ sí apá ikú ni Mórẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí.

Àwẹ̀ró, ọ̀gá nínú ẹ̀fẹ̀, a-pani-lẹ́rìn-ín-nílé-ọ̀fọ̀! Òun ló rẹ àgbò funfun Baálẹ̀ láró nígbà kan, tí Baálẹ̀ fi wá a káàkiri, tí àgbò náà sì ń ké níwájú rẹ̀. Ó jáde síwájú. Kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ẹ rántí àgbò yín?”

“Àwẹ̀ró, ṣé àsìkò ẹ̀fẹ̀ nìyí?”

“Àsìkò rẹ̀ gan-an ni. Ẹ wá tiyín tì. Ẹ jẹ́ kí Ògúnṣakin náà wá tirẹ̀. Mo dákẹ́ nígbà tí wọ́n mú ọkọ mi, mo sì mu nínú omi yẹn. Bí ẹ bá gé ìlà yìí lónìí, á ní kí ẹ tún un gé lọ́la, títí yóò fi ku ẹnì kan péré, tí yóò máa fọ́nnu fún ògiri pé òun ló dúdú jù.”

Baálẹ̀ wo ọmọ rẹ̀, ó wo Mórẹ́nikẹ́, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọ inú aró.

Nígbà tí ẹnubodè ṣí, ìlú aláwọ̀ aró ló jáde: arúgbó, ọmọ ọwọ́, ìjòyè, gbogbo wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwẹ̀ró wà níwájú. “Balógun, a ti kó wọn dé. Ṣa èyí tó wù ọ́.”

Àwọn ọmọ ogun bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ọ̀gá wọn nínú. Ó ní kí wọ́n fi iyanrìn àti omi eérú bó Àwẹ̀ró títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi hàn. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí awọ fi ń ṣí. Mórẹ́nikẹ́ ń pariwo, àwọn obìnrin dì í mú. Àwẹ̀ró ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ kò tíì débẹ̀.” Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ọmọ ogun tó ń fọ̀ ọ́, Ọdẹ́wálé, pupa bí ẹyìn tó pọ́n. Ó ju kànìnkànìn sílẹ̀. “Balógun, bí a bá fọ gbogbo wọn tán, ta ló kàn?”

Ògúnṣakin wo apá ọkùnrin náà. Gbogbo ogun rí bó ṣe wò ó, oníkálukú sì wo apá ara rẹ̀. Ọdẹ́wálé mú idà rẹ̀, ó kọrí sílé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn tó kù sábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lápá, wọ́n ń jiyàn, títí idà fi jáde láàrin wọn. Àwọn ará ìlú wa ló lọ ṣí odò náà. A bá Ògúnṣakin lórí ẹní rẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́yìn pa.

Àwẹ̀ró kú kí aró tó ṣí lára wa. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí Ògúnṣakin mú wá kò rí ilẹ̀ hù sí. Àwọn arìnrìn-àjò tó ti dé òkè òkun sọ pé kò sí èdè kan níbẹ̀ tó ní orúkọ fún fífi àwọ̀ pín ènìyàn bí Ògúnṣakin ti fẹ́. Lọ́dọọdún, bí odò bá kún, gbogbo ìlú a máa ti ọwọ́ bọ aró, Baálẹ̀ ni yóò sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìkòkò méjì wà lẹ́nubodè tí a kì í po aró sí. Ti Òyéwọlé ni ọ̀kan, ti Jòmù ni èkejì. Omi odò Ẹ̀rìn la ń pọn kún wọn. Bó ti wù kí òùngbẹ pọ̀ tó, a kì í mu ún.