Efúnyẹlá àti Àwọn Tó Fẹ́ Gba Oòrùn

Oòrùn-yọ-kò-yan-ẹnìkan, Òjò-ò-bẹ́nìkan-ṣọ̀rẹ́, awo inú ọ̀dàn, ló díá fún Efúnyẹlá, àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ Ìrawọ́, lọ́jọ́ tí àlejò wọlé tọ̀ ọ́ wá tí àyà rẹ̀ já pàà.

Láfún ni Efúnyẹlá ń ṣe jẹun. Orí àpáta ni òun àti àwọn obìnrin ilé ń sá a sí. Bí oòrùn bá mú, láfún a funfun bí òwú. Bí òjò bá dé, a bu, a máa rùn, ewúrẹ́ pàápàá a yà fún un.

Àwọn àlejò ní àwọn fẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àpáta. Wọ́n fẹ́ to pátákó dúdú tó ń dán bíi dígí sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní sólà, kó máa gba oòrùn, kó máa fi ṣe iná.

Efúnyẹlá figbe ta.

"Wọ́n fẹ́ gba oòrùn? Èwo ló máa wá kù tí a ó fi sá láfún?"

Òjúolápé, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á, ọkọ mi. Bóyá orí tó ń fọ́ mi lọ́sàn-án á rọjú."

"Ẹnu ẹ ò mọ ìsinmi!"

Efúnyẹlá tọ awo lọ. Ifá ní, "Yóò gbẹ."

Efúnyẹlá bú sẹ́kún. "Odò wa ni! Odò wa ló máa gbẹ! A gbé!"

Awo ní, "Ifá ò tíì dárúkọ odò, o ti ń sunkún odò. Rú ẹyẹlé àti obì. Mú láfún tó funfun jù nílé rẹ, rò ó fún àlejò, kí o tó sọ pé o gbà tàbí o kò gbà."

Ó ká a lára. Láfún òun, fún àwọn wọ̀nyí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í bá ẹni tó júwe jà. Ó rúbọ. Ó ro láfún, ó se ọbẹ̀ ilá, ó ní kí àlejò jókòó.

Ìbídùn, obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò, jẹun tán, ó lá ọwọ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tí irú láfún yìí kì í dé ọjà nígbà òjò?"

"Ṣé kí n fi ẹnu fẹ́ ẹ gbẹ ni?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn tó bá bọ́ sórí pátákó nìkan ni pátákó ń gbà, ti orí àpáta kò ní dín. Ó ní iná yóò dé ilé ìgbẹ̀bí, ẹ̀rọ yóò máa fa omi, àwọn ọmọ ìlú ni yóò sì máa tọ́jú oko sólà náà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n gbé pátákó díẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó ń tọ́jú iná pamọ́. Wọ́n gbé fáànù ńlá sínú búkà kan, wọ́n sì tẹ́ láfún tútù síbẹ̀.

Òjò dé. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó tún ń rọ̀. Efúnyẹlá lọ sí búkà láti kó láfún dànù, ó rò pé ó ti bu. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ró kékéké. Ó sá bọ́ sínú òjò láìwé gèlè.

"Ó gbẹ! Yéè! Ẹ gbà mí o, ó gbẹ!"

Òjúolápé gbé ọwọ́ lérí. "Odò? Nínú òjò yìí náà?"

Ìgbà tí wọ́n fa Òjúolápé wọ búkà, tó rún láfún láàárín ìka, òun náà ké pé, "Ó mà gbẹ lóòótọ́!"

Efúnyẹlá fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní, "A ò tà á. A yá yín ni. Ilé tí obìnrin yóò ti máa sá láfún ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iná ilé ìgbẹ̀bí. Ìgbà náà ni ẹ ó tó to pátákó tiyín."

Àlejò gbà, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni láfún Ìrawọ́ ti ń dé ọjà lójò lẹ́ẹ̀rùn. Efúnyẹlá ń yin awo, awo ń yin Ifá. Efúnyẹlá ní ká ní òun lé àlejò kí wọ́n tó jẹun ni, ta ni ì bá bi òun ní ìbéèrè láfún ìgbà òjò yẹn?

Ẹni gbọ́ ẹbọ tó rú, ire rẹ̀ kì í ṣì ilé yà. Kí tiwa náà má ṣì ilé yà. Àṣẹ.