Ìbídùnní àti Òkúta Tí Oòrùn Ń Yan

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, ẹ gbàgbé iṣẹ́ díẹ̀, nítorí ìyanu ni mo gbé wá. Obìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Àgbàrá, Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀, afọ́kùúta paraku, arẹwà tí ń fi òòlù jẹun. Ọkọ rẹ̀, Lápàdé ọdẹ, lé àgbọ̀nrín títí ó fi gun orí òkúta arìnkiri kan, ọ̀kan nínú àwọn òkúta gàǹgà tí ń rìn láàrin ayé àti oòrùn, lọ́jọ́ tí òkúta náà ń kọjá lẹ́bàá òkè wọn. Iwin tó ni òkúta náà bínú, ó sé e mọ́ inú ihò. Ìbídùnní gbé òòlù, irin ìfọ́kùúta àti kèrègbè omi, ó gba orí òṣùmàrè gòkè, ó la ìlú ìjì àti ìlú yìnyín kọjá, ó sì bá iwin náà lórí òkúta rẹ̀.

“Ẹ kúulé o, bàbá. Ọkọ mi ni mo wá mú.”

Iwin ní, “Bí o bá ṣí ihò náà kí òkúta mi tó kúrò nítòsí oòrùn, máa mú un lọ. Bí o kò bá ṣí i, ẹ̀yin méjèèjì di tèmi.”

Ìbídùnní gbá òkúta, gbì! Òòlù ta padà. Wọ́n sún mọ́ oòrùn, òkúta gbóná janjan, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó ń rú èéfín. Nílé, wọ́n máa ń dáná sórí àpáta kí wọ́n tó da omi tútù lé e kí ó lè sán. Bó ṣe mọ́ ọn lára ló ṣe da gbogbo omi rẹ̀ lé òkúta náà lórí. Ṣìì! Omi gbẹ, òkúta kò tilẹ̀ mọ̀. Yéè, omi mímu rẹ̀ nìyẹn o! Iwin rẹ́rìn-ín títí. Ìbídùnní sá sábẹ́ òjìji àpáta kan, ó sunkún gidi, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Níbẹ̀ ni òkúta ti kẹ̀yìn sí oòrùn, nítorí ó máa ń yí bí òkòtó. Òkùnkùn ṣú, òtútù mú, Ìbídùnní sì gbọ́ “kẹ́!” lábẹ́ ẹsẹ̀, òkúta ń sán. Òkúta tún yí, ooru dé, ó tún yí, òtútù dé: “kẹ́, kẹ́!” Ìbídùnní nu ojú. Oòrùn rèé bí iná, òtútù rèé bí omi! Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó nasẹ̀.

Iwin bi í pé, “Ṣé o ti sọ̀rètí nù ni?”

“Rárá o, bàbá. Iṣẹ́ ń lọ.”

Ooru ń mú òkúta fẹ̀, òtútù ń mú un súnkì, èèpo rẹ̀ ń bó, ó ń di iyanrìn, títí ojú sísán kan lẹ́nu ihò fi gba irin. Ìbídùnní fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ihò ṣí. Ẹnu ya iwin, ṣùgbọ́n kò yẹ àdéhùn. Lápàdé yọjú, eruku bò ó lórí, ó ní, “Ìbídùn, ṣé o ti pẹ́ níbí?”

“N ò pẹ́ púpọ̀. Dìde, jẹ́ ká lọ wá omi mu.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, síbẹ̀ ìkánjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti sa gbogbo ipá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ń bá yín ṣe é.