Pákó Àràbà Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kò dún tó. Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹ̀n! Àlọ́ mi gba ọ̀nà oko, ó yà ní gbọ̀ngàn ìlú, orí Ìjàpá ló já lé.

Ní ìgbà kan rí, Ẹfọ̀n ni olórí ìgbìmọ̀ nílùú àwọn ẹranko. Ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí ara di ara àgbà, ó fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ sí oko rẹ̀ lódìkejì odò. Kìnnìún gba ipò rẹ̀. Ìlú wá kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Àwọn ikán ló mọ ògiri rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dókè. Gbogbo ìlú ní orúkọ Ẹfọ̀n ni àwọn yóò fi sọ ọ́. Wọ́n rán Ìjàpá pé kó lọ sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ká Ìjàpá lára. Òun náà ṣáà jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn rí! Lóòótọ́, oorun ló máa ń sùn níbẹ̀, tí oúnjẹ bá dé ló máa ń jí. Ṣùgbọ́n orúkọ ń wù ú. Kò dé odò rárá. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó jẹ ọsàn yó, ó fajú ro, ó padà sílé.

"Ẹ̀yin ará ìlú, Ẹfọ̀n kọ̀ o! Ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ ṣe òun lóore, orúkọ èmi ọmọ ẹ̀yìn òun ni kí ẹ fi sọ ọ́."

Ó dun ìlú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n? Wọ́n gbà.

Àkókó, gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú, gbé pákó ìrókò wá.

"Èyí kéré!" ni Ìjàpá wí. "Àràbà ni kí o là fún mi, kó fẹ̀ gbàgàdà!"

"Bàbá, àràbà rọ̀ o."

"Ṣé ìwọ ni yóò jẹ ẹ́ ni?"

Àkókó la àràbà. Ó fín orúkọ Ìjàpá sára àràbà, ó gbé e kọ́ lókè ẹnu ọ̀nà.

Ní ìlú wọn, ẹni tí wọ́n bá bu ọlá fún gbọ́dọ̀ jí lọ sílé gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́, kó kí wọn pé ẹ ṣeun àná. Ìjàpá kí Ẹkùn tó gé igi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Kìnnìún. Nígbà tó dé ìdí òkìtì àwọn ikán, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, pè é. "Baálé mi, ẹ ò tíì kí àwọn ikán. Àwọn ló mọ ilé náà."

"Èmi? Kí n máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí kòkòrò?"

Bẹ́ẹ̀, àwọn ikán ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní dè é. Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn wọ́n gan-an. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n forí lé gbọ̀ngàn, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

A tẹ́ ẹní dè ọ́, o ò yà,
— Ìjàpá, o ò yà!
A gbálẹ̀ dè ọ́, o ò yà,
— Ìjàpá, o ò yà!

Ìjàpá ò gbọ́. Ó ti ránṣẹ́ pe àwọn àna rẹ̀ kí wọ́n wá wo gbọ̀ngàn òun. Wọ́n dé lọ́jọ́ ọjà, bàbá Yánníbo ló ṣíwájú. Ìjàpá dúró sábẹ́ pákó, ó na ọ̀pá sókè.

"Bàbá, ẹ wo orúkọ àna yín!"

Ó fi ọ̀pá kan pákó. Wùrùù! Àwọn ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ó ku èèpo lásán. Ó fọ́ lé Ìjàpá lórí, lẹ́búlẹ́bú igi bò ó lójú, ó bò ó nímú. Àwọn ọmọ ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti bàbá Yánníbo.

Ibẹ̀ ni Ẹfọ̀n ti yọ, ó ń bọ̀ wá sọ́jà. Kò tilẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ìdí òkìtì ló lọ tààrà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ikán. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé tí ẹ kọ́ fún ìlú, ògiri rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Kìnnìún ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún yín? Ìjàpá tí a rán sí yín ńkọ́?"

"Ìjàpá kẹ̀? Mi ò fojú kàn án láti ọjọ́ tí mo ti lọ sóko."

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá. Ó ti fa orí wọ inú karawun. Bàbá Yánníbo gbé àpò rẹ̀, ó bá ọ̀nà ilé lọ, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ikán ti fi amọ̀ mọ orúkọ Ẹfọ̀n sára ògiri lókè ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Òjò ti rọ̀ sí i títí, kò parẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jí ọlá ọlọ́lá gbé, kí ẹ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣiṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Tí mo bá purọ́ fún yín, kí àwọn ikán jẹ àga tí mo jókòó lé yìí.

Ẹ wò ó, ó ṣì dúró digbí.