Orin Odó Nídìí Òfì

Ọdẹ́kúnlé ahunṣọ jí orin Àwẹ̀ró, ó sì ní tòun ni. Kò tilẹ̀ fi bò. Iwájú Baálẹ̀ Ìdí-Òwú ló ti kọ ọ́, tó ń yan bí àkùkọ:

"Iṣu dé o, ẹ gbódó wá,
Ẹ gbódó wá.
Ebi lọ o, ẹ gbọ́pọ́n wá,
Ẹ gbọ́pọ́n wá."

Inú Baálẹ̀ dùn. Ó ní orin Ọdẹ́kúnlé ni gbogbo ìlú yóò máa kọ lọ́jọ́ iṣu tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí dun Àwẹ̀ró wọra. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ṣẹ̀dá orin náà nídìí odó. Ìyá ti kú, kò sì fi ogún mìíràn sílẹ̀. Ó wá rántí pé ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín pẹ̀lú ahunṣọ yìí, àti pé òfì rẹ̀ a máa dákẹ́ lójijì nígbàkígbà tí àwọn bá ń gúnyán. Àṣé etí lolè fi ń jalè!

Ó bọ́ síwájú. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o. Ẹ bá mi bi í, kí ló dé tó fi ń wí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì?"

Ọdẹ́kúnlé rẹ́rìn-ín. "Kó lè dùn létí ni. Ìyá yìí, orin kì í ṣe ọbẹ̀ o."

"Níbo lo ti ṣẹ̀dá rẹ̀?"

"Ìdí òfì mi ni."

"Ó dáa. Máa hun, kóo máa kọ ọ́, ká rí i."

Wọ́n tẹ̀ lé e délé. Ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá nínú òfì, lọ sọ́tùn-ún pẹ̀lú ìlà gígùn. Kó tó padà sósì, ìlà kúkúrú ti tán. Ó fa ohùn, orin bàjẹ́. Ó sáré ọwọ́, òwú já.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́kúnlé, ṣé ṣòkòtò ẹlòmíràn lo wọ̀ ni? Níhìn-ín ó fún ọ, lọ́hùn-ún ó ṣo ọ́."

Àwẹ̀ró gbé odó síta. "Ìlà gígùn, tèmi ni: mo gbé ọmọ odó sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlà kúkúrú, ọmọ odó ìyá mi ló ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ń wá lẹ́ẹ̀mejì nítorí àwa méjì là ń gún un."

Ó gún, ó kọ ìlà tirẹ̀, ó dákẹ́. Ojú ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń dáhùn pa lọ́lọ́. Ó kọjú sí ahunṣọ.

"Ìwọ lo ni ín, àbí? Ta lẹ jọ ń gún un? Dá mi lóhùn!"

Baálẹ̀ gba orin náà lọ́wọ́ Ọdẹ́kúnlé, ó sì dá a padà fún Àwẹ̀ró. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu.