Ìyá Ikán àti Ilé Tí Kò Rí Òrùlé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, ìdí ògiri tútù ló jókòó sí. Wọ́n lé Ìyá Ikán níbi iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti wó ilé ara rẹ̀ fún wọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Erin, ọba ẹranko, fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a kọ́ ọ yóò ní yàrá níbẹ̀ kí òjò tó dé. Ó fi Ìjàpá ṣe agbaṣẹ́ṣe, ó sì kó iṣu rẹpẹtẹ fún un pé kó máa fi bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí wọn yóò fi kan òrùlé.

Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ikán lọ.

"Ìyá wa, yẹ̀pẹ̀ ọ̀gán yín ló dára jù fún ògiri. Ẹ wó o. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Háà! Yàrá méjì!"

Ìyá Ikán wó ọ̀gán rẹ̀. Ó po amọ̀, ó mọ ọ́n. Bó bá gbẹ, á tún mọ òmíràn lé e. Ògiri dúró gbọnin. Ó ku kí Ẹ̀ga, ẹyẹ tó mọ ilé hun, wá hun òrùlé.

Ọjọ́ tí ògiri parí gan-an ni Ìjàpá wo iṣu tó kù, ó wo ẹnu àwọn òṣìṣẹ́, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀ ṣòròrò. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá, ó fara ti ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlú le. Ẹnu ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. A ti ti ibi iṣẹ́ pa. Ẹ máa lọ sílé."

"Ilé wo?" ni Ìyá Ikán bi í. "Ilé mi nìyí tí o fara tì yìí!"

Ẹ̀ga ní, "Ọ̀gá, amọ̀ ni o. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Òjò wo? Ṣé o kò rí ojú ọ̀run ni? Ẹ ní sùúrù."

Ọgbọ́n ńlá! Ẹni tó gbé ilé tirẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn ló ń kọ́ aláìnílé ní sùúrù.

Ìjàpá gúnyán, ó ń gbé e mì wọ̀mùwọ̀mù, òun nìkan. Ọjọ́ kẹta, òjò dé. Wàà! Wàà! Ògiri rọ̀, ó wó lulẹ̀ gbì, ó di ẹrẹ̀.

Erin dé. "Ìjàpá, ilé mi dà?"

"Kábíyèsí, òjò ni. Òjò ò láàánú."

"Ó dáa o," ni Ìyá Ikán wí, tòun tàwọn ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọn nínú ẹrẹ̀. "Ẹ bá mi mú òjò, kí ẹ dè é. Òun ló jẹ iṣu." Ló bá forin sẹ́nu:

Ìjàpá, ọ̀gán mi dà?
*Dá a lóhùn o, dá a lóhùn.*
Mo wó tèmi, mo fi mọ tiyín.
*Dá a lóhùn o, dá a lóhùn.*
Òjò ń rọ̀, ọmọ mi wà níta.
*Dá a lóhùn o, dá a lóhùn.*

Gbogbo ẹranko gbè é. Erin pàápàá gbè é. Ìjàpá fa orí wọnú ilé ẹ̀yìn rẹ̀, fùú! Títí dòní, bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, orí ló ń fà sínú.

Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara pamọ́: ẹni tó bá lé òṣìṣẹ́ nítorí ikùn ara rẹ̀, kó má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru òjò.

Ìyá Ikán ò tíì kúrò nínú ẹrẹ̀. Ó ń kan ẹ̀yìn Ìjàpá gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn:

"Mo ní ọ̀gán mi dà? Yọrí síta, kí o dá mi lóhùn!"